Bọ́tìnì Mẹ́tàdínlógún

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ kú àìsùn. Bí mo bá ní kí n kí yín tó bó ṣe yẹ, ìkíni nìkan ni yóò gba odindi ìwé, bẹ́ẹ̀ ojú ìwé méjèèjì ni mò ń kọ kí ìwúwo rẹ̀ má baà ju èyí tí sítáǹbù kan lè gbé lọ. Ẹ bá mi fi ìyókù kún un lọ́kàn yín.

Fóònù ò ṣe wá lóore mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè lóṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹfà náà ni Màmá gbé e. "Ara mi le, kò sóhun tó ń ṣe mí, má fi owó ṣòfò." Ó ti pa á kí n tó béèrè yín. Fóònù tiyín ti bọ́ sínú sìmẹ́ǹtì pípò láti oṣù kìíní, ẹ ní ó di ìgbà tí ẹ bá parí ilé alájà méjì yẹn kí ẹ tó ra òmíràn. Mi ò lè bá yín jà. Ọ̀dọ̀ yín náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó ná. Ẹ ṣáà máa kọ ìwé sí mi.

Ó pé ọjọ́ mẹ́tàlélógún lónìí tí wọ́n fi jẹ́lì yẹn sí Màmá lórí. Ẹ ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín ní èdè bíríkìlà. Ó dáa. Ẹ wo ọpọlọ bí ilé tó ní ọdẹ. Iṣẹ́ ọdẹ ni kó lé olè. Nínú àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n tó ń ṣe Màmá, àwọn ọdẹ yẹn ò mọ ìgbà tí olè ti lọ. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń ju iná kiri, títí iná wọn fi ń jó àwọn ará ilé gan-an. Ohun tí dókítà ń pè ní wíwú inú ọpọlọ nìyẹn. Tàbúlẹ́ẹ̀tì téèyàn bá gbé mì, ẹnu géètì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń dúró sí, kì í wọlé. Wọ́n wá po oògùn mọ́ jẹ́lì, wọ́n gba ihò kékeré kan lágbárí fi sí i. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń tú oògùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kí àwọn ọdẹ lè sinmi. Tó bá parí iṣẹ́ rẹ̀, òun náà á yọ́ dànù. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò ni o. Ogún èèyàn péré ni wọ́n mú ní ilé ìwòsàn yín, kò tíì sẹ́ni tó lè búra pé ó dára.

Ẹ má lọ máa sọ fún àwọn ará àdúgbò pé èmi ni mo ṣe é. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé síríńjì kọ̀ọ̀kan lé òṣùwọ̀n, kí n wò ó bóyá ó pé, kí n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn, ìbòmú, ìbòrí. Bí mo bá sín, odindi àwo síríńjì kan di ìdàdànù. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀ mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé sísín mì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ iye bọ́tìnì tí Màmá ń dè ní Sátidé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, bí ẹ ṣe kọ ọ́ sínú ìwé tí nọ́ọ̀sì fún yín gan-an. Ẹ̀bẹ̀ kejì: ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ìwòsàn ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má bi mí nídìí.

Àbúrò yín,
Aláṣirò


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Aláṣirò àbúrò mi,

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni lẹ́tà rẹ lò lọ́nà. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló fi rìn, mo kí i kú ìrìn. Gbogbo wa ń kí ọ. "Gbogbo wa" yẹn, èmi àti Màmá ni, pẹ̀lú ológbò tó ń gbé lọ́dọ̀ wa láìsan owó ilé.

Ọ̀rọ̀ ọdẹ tí o sọ yé mi ju ti dókítà lọ. Mo kà á fún Màmá. Ó ní, "Bí ọdẹ bá ń jó ilé, kí ló dé tí wọn ò lé e lọ?" Mo ní tí wọ́n bá lé e lọ, ta ló máa lé olè? Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, kí wọ́n ṣáà gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀." Ṣé o rí i pé orí rẹ̀ ṣì pé.

Iye tí o béèrè nìyí. Kí wọ́n tó fi jẹ́lì sí i, mẹ́sàn-án ló ń dè. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó sinmi, lẹ́yìn náà: mẹ́sàn-án, mọ́kànlá, mẹ́tàlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìṣẹ́jú méjì, bọ́tìnì mẹ́rìnlélógún lórí pátákó, aago ọwọ́ mi lójú tábìlì. Bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi ni mo ṣe é.

Bọ́ọ̀sì méjì ni lílọ, méjì ni bíbọ̀, ilé ìwòsàn ń dá owó ọkọ̀ ti Màmá padà ṣùgbọ́n wọn kì í dá tèmi padà, bí ẹni pé ó lè dá wọ ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ kẹ́yìn, nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wa pé bí iye bọ́tìnì bá já wálẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀léra, ká pe òun kíá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún orí ṣí kí wọ́n kó jẹ́lì kúrò. Nígbà tí a délé, Màmá ní ẹlòmíì ni wọ́n fẹ́ fún láyè òun. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní, "Ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlélógún ni mo kọ́ ní aṣọ rírán. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń bàjẹ́ sí i, ilé ni mo ń dá a padà sí. Ṣé o rò pé dókítà ní sùúrù jù mí lọ ni?"

Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń ta á lójú, mo bá fi ìró rẹ̀ kan bo fèrèsé. Kọ́tìnnì ọ̀fẹ́. Ó ń bì díẹ̀ láàárọ̀, ó ní èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni. Mo ti bá aládùúgbò sọ̀rọ̀.

Màmá ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa jẹun, pé egungun kì í di òṣùwọ̀n mú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá, mo kí ológbò.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka lẹ́tà yín, mo jó nínú yàrá. Yàrá mi ò gba ijó, ìgbésẹ̀ mẹ́rin lóròó, mẹ́ta níbùú, ibùsùn sì ti gba ìdajì. Mo tún un kà ní alẹ́, ijó tán lẹ́sẹ̀ mi. Mẹ́sàn-án, mọ́kànlá, mẹ́tàlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Méjì, méjì, méjì. Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń wọn nǹkan lójoojúmọ́. Síríńjì tí ẹ̀rọ rọ nǹkan sí, ẹ̀rọ o, kì í ṣe èèyàn, ìkan kì í bá ìkejì dọ́gba. Búlọ́ọ̀kù nìkan ló ń gòkè bí ti Màmá yìí. Nọ́ńbà èèyàn máa ń rìn bí ọ̀mùtí: ó lọ síwájú, ó tàdí mẹ́yìn, ó di ògiri mú.

Mi ò sọ pé ẹ parọ́. Bóyá ṣe ni ẹ ń ràn án lọ́wọ́ láìmọ̀, tàbí aago yín ń fà. Ẹ bá mi wò ó dáadáa.

Ohun tó ń já mi láyà jù ni bíbì yẹn. Ẹ ṣí ìwé pélébé tí wọ́n fún yín, ẹ wo ojú kẹta. Bí ó bá ń bì láàárọ̀, tí orí ń fọ́ ọ nígbà tó bá jí, tí ìmọ́lẹ̀ ń ta á, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ní kí ẹ pè. Jẹnẹrétọ̀ ò sí nínú ìwé yẹn. Ṣé ó ń sùn lọ́sàn-án? Ṣé ọwọ́ kan wúwo fún un ju ìkejì lọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbọ́, kò tíì dájú. Jẹ́lì yìí, inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà títí yóò fi dé ọwọ́ dókítà. Awakọ̀ tó ń gbé àpótí rẹ̀ lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú sọ ní yàrá oúnjẹ pé àwọn àpótí kan dúró sínú oòrùn lóṣù kìíní nítorí ìwé kan tí wọn ò tíì fọwọ́ sí. Èyí tó bá ti móoru, bó bá dé inú orí, ó lè máa mu omi kó sì wú ju bó ṣe yẹ. Ẹ kọ nọ́ńbà síríńjì tó wà lórí káàdì ìwòsàn Màmá sí mi. Lẹ́tà tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé.

Mo tún pe fóònù lánàá. Màmá ní ẹ ti lọ síbi iṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni níbẹ̀ yẹn.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Àbúrò mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kíní, mo bínú. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo tún bínú. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo jókòó kọ èyí, inú ṣì ń bí mi.

Ṣé èmi ló wá di ẹni tí aago rẹ̀ ń fà? Aago tí mo fi ń ka wákàtí iṣẹ́ fún ọkùnrin méjìlá, tí ẹnìkan ò bá mi jiyàn lé e lórí rí. Ìwọ wà níbi tí wọ́n ti ń wọn jẹ́lì, èmi wà níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn. Ọdún márùn-ún o ò wálé. Mi ò bá ọ wí, owó tí ò ń fi ránṣẹ́ là ń jẹ, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n má dúró lókèèrè kí o máa fi síkwíà wọn iṣẹ́ mi.

O fẹ́ nọ́ńbà, gba nọ́ńbà: mẹ́tàdínlógún, mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún. Ṣé wọ́n ti mutí tó báyìí? Ti orí káàdì rẹ̀ sì ni mẹ́rìnlá, ìlà kan, òdo, mẹ́fà.

Orí ń fọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni orí kì í fọ́? Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà lórí yẹn. Ó ń sùn títí di ọ̀sán; mo ní kó sùn, oorun ò ná wa lówó. Ohun kan tó yà mí lẹ́nu ni ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn, ínṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò fún rí. Láti ọ̀sẹ̀ méjì, èjìká òsì rẹ̀ ló ń gbá a bó bá ń kọjá. Ó ní mo ti sún ògiri. Mo ní, "Màmá, ta ló ń san owó ògiri sísún?" A rẹ́rìn-ín. Lánàá ó pè mí lórúkọ bàbá wa, ó ní ṣé mo ti tibi ìsìnkú dé. Mi ò rán an létí pé ìsìnkú bàbá fúnra rẹ̀ ni ìsìnkú tó ń sọ. Mo ṣáà jẹ́ ẹ ni.

Má pe fóònù mọ́. Ó ń ta á létí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ má ka lẹ́tà yìí tán kí ẹ tó dìde. Ẹ gbé Màmá lọ sílé ìwòsàn báyìí, ẹ ka ìyókù lórí ìjókòó ibẹ̀. Ẹ má wọ bọ́ọ̀sì méjì. Ẹ gba ọkọ̀ kan ṣoṣo tààrà.

Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ kú ọ̀nà.

Fóònù Màmá ò wọlé mọ́, owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni mo fi rán èyí kó lè dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ owó tí mo ná dáadáa jù láyé mi.

Mo sọ fún yín pé nọ́ńbà èèyàn ń rìn bí ọ̀mùtí. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e, nọ́ńbà yín ti mutí. Ẹni tó bá de bọ́tìnì mẹ́tàdínlógún ní ìṣẹ́jú méjì kì í fi èjìká gbá ẹnu ọ̀nà. Méjèèjì ò lè jọ jẹ́ òótọ́, ilẹ̀kùn ni mo sì gbà gbọ́, nítorí ilẹ̀kùn ò mọ̀ mí, kò sì fẹ́ tù mí nínú. Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan kan ń wú sí i lápá ọ̀tún orí. Apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń darí èjìká òsì.

Àwo kẹrìnlá, síríńjì kẹfà. Mo wo ìwé iṣẹ́ mi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wọ̀n ọ́n, ọwọ́ mi ni mo fi lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Ó pé lórí òṣùwọ̀n. Ohun tí oòrùn ṣe fún un lọ́nà, òṣùwọ̀n ò lè rí i.

Èmi náà parọ́. Ní ọjọ́ tí mo wọṣẹ́, mo fọwọ́ sí ìwé kan pé ẹbí òṣìṣẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń fi jẹ́lì yìí yẹ̀ wò. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ìdí láti fẹ́ kí nọ́ńbà gòkè. Mo fọwọ́ sí i, lọ́sẹ̀ kejì mo kọ̀wé sí yín pé ilé ìwòsàn ibẹ̀ ń gba orúkọ. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má sọ ibi iṣẹ́ mi nìyẹn. Lánàá mo pe ilé ìwòsàn yín fúnra mi. Obìnrin kan gbé e, ó ní, "Ta ni ìwọ sí aláìsàn náà?" Mo pa fóònù. Mo ti dúró fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí wọ́n tó gbé e, mo sì pa á.

Mi ò ní pa á mọ́. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ dárúkọ mi, ẹ dárúkọ iṣẹ́ mi. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin
Ilé ìwòsàn, ìjókòó ọ̀dẹ̀dẹ̀

Àbúrò mi,

Ẹ̀yìn ìwé ìgbowó ni mo ń kọ èyí sí, fojú fo nọ́ńbà tó bá hàn láti òdìkejì.

Lẹ́tà rẹ dé ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ìlà méjì ni mo kà. Nígbà tí mo wọ yàrá, Màmá ò jí. Mo pè é, ó la ojú òsì nìkan. Mo gbé e sẹ́yìn bó ṣe máa ń gbé wa. Kò wúwo, Aláṣirò. Àpò sìmẹ́ǹtì kan wúwo ju ohun tí mo gbé lẹ́yìn yẹn lọ.

Dókítà béèrè ìwé bọ́tìnì. Mo fún un. Ó wo mẹ́tàdínlógún, ó wo Màmá, ó ní, "Èyí ò yé mi." Mo gba ìwé yẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní irọ́ ni. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: lọ́sẹ̀ kejì, mẹ́wàá ló dè. Bọ́tìnì kọkànlá ń wọ ihò rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àkókò pé, Màmá ní, "Kọ mọ́kànlá, ó kù díẹ̀ ni." Ìkan péré. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ó tún jẹ́ mẹ́wàá, ṣé kí n wá kọ pé ó já? Mo kọ mẹ́tàlá. Láti ibẹ̀, irọ́ ló ń darí mi. Màmá ní wọ́n máa gba àyè òun, ó tún ní bí òun bá já, iṣẹ́ rẹ á bàjẹ́, ìwọ tí ò ń wọn jẹ́lì náà. Gbogbo Sátidé ló ń dì mí lọ́wọ́ mú. "Ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n dá mi padà."

Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ nọ́ńbà tòótọ́ nù. Bíríkìlà tó bá parọ́ fún ara rẹ̀ lórí ìwọ̀n, ilé á wó pa á. Mo ń fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Dókítà ní kí n lọ dà á kọ wá. Mo délé, mo mú ìwé, mo rò ó pé ta ló máa gba ìwé tí òpùrọ́ dà kọ gbọ́? Mo fi ṣísẹ́ẹ̀lì gé ojú ògiri yẹn yípo, mo ṣí i kúrò ní odindi, mo gbé e sínú àpò sìmẹ́ǹtì wá síbí. Nọ́ọ̀sì kígbe. Dókítà ò kígbe, ó gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ó kà á sókè: mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, méje, márùn-ún, mẹ́rin. Ó ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹta ló yẹ kí n ti pè. Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi pẹ́.

Aago mẹ́ta ni wọ́n gbé e wọlé láti tún orí ṣí. Aago méje àbọ̀ ti lù. Kò sẹ́ni tó jáde. Mo ń lọ sọ lẹ́tà yìí sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ báyìí, kí n má baà rí àyè yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ni ìpè yín lórí fóònù Màmá lọ́jọ́ yẹn. "Ó ti lajú. Ó béèrè omi." Ẹ pa á. Mi ò rí ẹni tó ná owó fóònù dáadáa báyẹn rí. Lẹ́tà ìjókòó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá, mo kà á bí ẹni pé mi ò mọ bó ṣe máa parí. Ẹ kú ewu. Ẹ kú gbígbé Màmá sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé ìpè yín, mo lọ bá ọ̀gá mi kí n tó wọ ìbọ̀wọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró. Kò pariwo. Ó ní kí n jókòó, ó fún mi ní omi, ó sì gba káàdì ìwọlé mi. Ó ní, "Ìwọ tí o wọn gbogbo nǹkan, o ò wọn èyí." Mo ní mo wọ̀n ọ́n, ìyá mi ló wúwo jù. Wọ́n ti dá mi dúró. Ìwé ìgbélùú mi ku ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ẹ má ṣe kẹ́dùn lé mi lórí, ẹ ò tíì gbọ́ ohun tó jù.

Síríńjì mẹ́jọ ló wà nínú àwo kẹrìnlá. Màmá ni ìkan. Àwọn méje yòókù wà káàkiri, ìyá ẹlòmíì, bàbá ẹlòmíì, jẹ́lì náà lórí wọn báyìí. Wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò, kò tíì sẹ́ni tó ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Àwọn dókítà ń jiyàn. Àwọn kan ní kí wọ́n tún orí wọn ṣí, àwọn kan ní orí ṣíṣí kì í ṣe eré, kí wọ́n dúró wò. Ohun tó lè bá wọn parí rẹ̀ ni nọ́ńbà ara ògiri yẹn, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í já àti bó ṣe yára tó. Ṣùgbọ́n nítorí pé irọ́ ti wọ ìwé Màmá, òfin wọn ní wọn ò lè lo nọ́ńbà kankan tirẹ̀ mọ́, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i pé ti inú ìwé kì í ṣe òótọ́, ti ara ògiri ni òótọ́. Kì í ṣe ìka títẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Ọwọ́ rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ má fipá mú un. Ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́.

Ṣé ó bínú sí mi?

Àbúrò yín


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún

Aláṣirò àbúrò mi,

Fọ́ọ̀mù rẹ nìyí, ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni mo fi rán an. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ keje ló dé. Màmá wà lórí àga, wọ́n ti fá irun rẹ̀, ojú ọ̀tún ti ń là dáadáa, ọwọ́ òsì ló ṣì ń lọ́ra, gbígbọ̀n sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo ka ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù fún un. Ó ní rárá. Ó ní òun ti rán aṣọ ìgbéyàwó ìyàwó ọgọ́rùn-ún méjì ó lé, òun ò ní fọwọ́ ara òun kọ ọ́ fún gbogbo ayé pé bọ́tìnì mẹ́rin ló kù tí òun lè dè. Mo ní orúkọ rẹ̀ ò ní hàn, nọ́ńbà lásán ni. Ó ní, "Nọ́ńbà lásán? Ìwọ àti àbúrò rẹ, kí lẹ fi sin mí dé ibi tí mo dé yìí bí kì í bá ṣe nọ́ńbà?" Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Mo ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń bá ológbò sọ̀rọ̀.

Lánàá, mo ń rẹ́ ojú ògiri tí mo gé padà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ó ní, "Àwọn méje yẹn, wọ́n ní ọmọ bí?"

Mo ní mi ò mọ̀, ó ṣeé ṣe.

"Àwọn ọmọ náà ń ka bọ́tìnì fún wọn ní Sátidé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwọn yẹn náà á ti máa di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú." Mo gbé trówẹ̀lì tí mo fi ń rẹ́ ògiri sílẹ̀. Ó ní kí n lọ mú bírò wá, kí n sì má jẹ́ kó jẹ́ èyí tí ínkì rẹ̀ ń dá dúró.

Mo tẹ́ fọ́ọ̀mù lé pátákó fún un. Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbá mi lọ́wọ́ kúrò. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé. Ó dúró, ó mí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wàá rí i, ó bọ́ kúrò lórí ìlà lẹ́ẹ̀mejì. Ó béèrè pé ṣé o ti rí ọkọ̀ òfuurufú tí owó rẹ̀ ò gani lára, mo ní o ní títí oṣù kẹfà. Ó ní kí o má dúró de ọjọ́ tó kẹ́yìn, òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni, ara òun ló ń bí òun nínú. Ó tún tẹ bírò mọ́lẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Mi ò fi ìkan kún un. Nígbà tó parí, ó gbé ìwé náà jìnnà sójú bó ṣe máa ń gbé aṣọ tó bá rán tán, ó wò ó látòkè délẹ̀.

"Ó wọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni. Tètè fi ránṣẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ